Irun àti Èékánná Ìyùnadé

Ìgbà tí òfin ò jẹ́ kí èèyàn jáde ni ẹ̀rọ yẹn máa ń yàn láti wá bá mi. Fèrè ooru ti dún, gbogbo Ẹnu-Omi ti wọlé, wọ́n ti ti fèrèsé pa, kò sí ọkọ̀ kan tó ń lọ lójú omi. Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ sá fún un, ibo ni mo fẹ́ gbà? Mo gbọ́ ọ tó ń gun àkàsọ̀ ilé mi bọ̀, kò, kò, kò, bí alákàn tó wọ bàtà. Mo ní kí n díbọ́n bí ẹni tó ń sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí a máa gbọ́ bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù. Kò ṣeé tàn jẹ.

"Ẹ káàsán o, Ìyá Ìyùnadé," ó wí. "Ẹ kú ooru. Ṣé ara le?"

Mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara mi.

Kò ga ju àpótí ìdáná lọ, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ṣe fún un, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti àwọn tó máa ń ka ìròyìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohùn tí kò fẹnu kan iyọ̀ òkun rí. Ọ́fíìsì Òkè ló ni ín. Nígbà tí Ọ́fíìsì Òkè ṣì ń rán èèyàn lọ sójú ọ̀run, èèyàn náà ni wọ́n máa ń rán síni nílé. Ní báyìí, ẹ̀rọ ló ń gòkè fún wọn, ẹ̀rọ náà ló sì ń wá kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá, Ilé Òkè tó wà lójú ọ̀run ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀," ó wí. "Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, á já. Bí a bá fi í sílẹ̀, ibi tó bá wù ú ló máa já sí. Ó lè jẹ́ àárín ìlú. A fẹ́ darí rẹ̀ sí ibú òkun, níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbé."

"Ẹ darí rẹ̀. Ta ló di yín lọ́wọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi arúgbó tí kò lè gbé garawa omi gun àkàsọ̀ mọ́, èmi ni mo di ìjọba lọ́wọ́.

"Òfin Òkú sọ pé ilé tí òkú bá wà nínú rẹ̀ kò ṣeé wó, àfi bí ẹbí bá ti sìnkú tán," ni ẹ̀rọ wí. "Òkú kan ṣoṣo ló wà ní Ilé Òkè. Irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sin wọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ ti parí."

"Ẹ gbé ọmọ mi wá fún mi. Ìyẹn á tún tètè parí ju tiyín lọ."

"Òfin Ẹran-ara kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹran-ara kò gbọ́dọ̀ wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, ìbáà jẹ́ àlọ, ìbáà jẹ́ àbọ̀."

"Ọmọ mi ò mí mọ́."

"Òfin náà kò sọ̀rọ̀ nípa mímí, Ìyá. Ẹran-ara ló wí."

Bó ṣe rí nìyẹn. Òfin kan ní kí wọ́n má ṣe wó ilé lé e lórí, òfin kejì ní kí wọ́n má ṣe gbé e jáde. Àárín òfin méjèèjì ni ọmọ mi sùn sí láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú.

"Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan," mo ní. "Ìwọ yìí, ta ni ìyá rẹ?"

"Èmi kò ní ìyá."

"Mo kúkú mọ̀. Bí o bá ní ìyá, o ò ní dúró níwájú abiyamọ lọ́sàn-án gangan kí o ní kó lọ sin ọmọ rẹ̀. Ní ìlú wa, òbí kì í sin ọmọ. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Èèwọ̀ ni. Ṣé mi ò tíì sọ ọ́ fún ọ rí ni?"

"Gbogbo ìgbà tí mo bá wá lẹ ń sọ ọ́. Mo sì ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn. Wọ́n ní ẹni tí irun bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni òfin mọ̀."

"Lọ tún un jẹ́ fún wọn."

"Mo gbọ́, Ìyá. Wọ́n ní bí ẹ bá tún kọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, àwọn á rán èèyàn sí yín."

"Èèyàn? Èèyàn ṣì kù ní Ọ́fíìsì Òkè?"

"Ó kù díẹ̀," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ń kí mi pé ó dìgbà kan ná.

Ẹni tí kò bá Ẹnu-Omi nígbà tó dára kò lè mọ ohun tí ojú wa rí. Ibi tí ẹ ń wò tí omi bò yẹn, ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ibẹ̀ ni èbúté rọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ gbéra, àwọn apẹja á ti kó àwọ̀n wọn wálé, àwọn abiyamọ á fi òwú dí ọmọ wọn létí. Ilẹ̀ á mì, ìkòkò á máa jó lórí ààrò. Lẹ́yìn náà, iná á gòkè, kò ní í pẹ́ tí yóò fi kéré bí iná àtùpà, gbogbo wa á sì máa na ọrùn títí yóò fi wọ inú ojú ọ̀run lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà yẹn, bí wọ́n bá bi ọmọ Ẹnu-Omi pé kí ló fẹ́ ṣe bó bá dàgbà, kì í sọ pé òun fẹ́ ṣe dókítà? Agòkè ló ń fẹ́ ṣe. Agòkè ni à ń pe àwọn tó ń lọ.

Àwa ìyá wọn la dá àṣà irun sílẹ̀. Láyé ogun àtijọ́, bí ọmọ ẹni bá kú sójú ogun tó jìnnà, wọn kì í lè ru òkú wálé. Irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé wá, ohun tí ilé á sin nìyẹn. Ìgbà tí ti òkè wá dé, a jókòó, a rò ó. Bí nǹkan bá ṣe ẹnì kan lọ́hùn-ún, ta ló máa bá a gé irun? A ní kí wọ́n gé e sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Agòkè tó bá máa lọ lọ́la, lónìí ló máa jókòó kí wọ́n gé díẹ̀ nínú irun rẹ̀, kí wọ́n gé èékánná rẹ̀, kí wọ́n kó o sínú agolo kékeré tí wọ́n fi ń di oúnjẹ òkè. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ẹni tí yóò gbé e fún. Kódà àwọn òyìnbó àti àwọn ará Íńdíà tó bá wọn lọ, wọ́n gé tiwọn. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n á gé e. Bí agòkè bá dé layọ̀, a ó dá agolo rẹ̀ padà fún un, yóò sì da ohun inú rẹ̀ sínú òkun níṣojú gbogbo ènìyàn, ìlù á sọ, ó di ijó.

Ìyùnadé ọmọ mi, ẹ̀rọ tó ń fún Ilé Òkè ní atẹ́gùn ló ń tún ṣe. Ọmọ tirẹ̀, Bámitálẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nígbà tó lọ. Èmi ló gbé agolo rẹ̀ fún. Ó ní, "Màámi, ẹ bá mi dì í mú dáadáa. Bí mo bá dé, mo máa gbà á lọ́wọ́ yín."

Nígbà tó wà lókè ni ariwo náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣòfin ní èèyàn ń jẹun jù, ó ń mu omi jù, ó ń mí jù. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò ń jẹ, ẹ̀rọ ò ń mí, àárò ilé kì í sọ ẹ̀rọ. Kí ni èèyàn tún wá ń wá lókè? Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Ìyẹn ló tún dùn mí jù. Mi ò rí èsì kan fọ̀ títí dòní, àfi pé ó wù wá láti lọ.

Wọ́n pè wọ́n pé kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Wọ́n ti ń di ẹrù nígbà tí Ìyùnadé sùn tí kò jí. Wọ́n ní àyà rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n máa bá bọ̀, ìjókòó nìkan ló wà níbẹ̀, kò gba ẹni tó dùbúlẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá tútù, wọ́n bò ó, wọ́n ní rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ á gbé e. Ọ̀gá wọn wá síbí, ọkùnrin gíga kan báyìí tó wá láti ọ̀nà jíjìn, ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ń sunkún. "Màmá, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀." Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti wà ní èbúté nígbà yẹn, wọ́n ti kùn ún ní funfun. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wò ó.

Kò lọ. Òfin Ẹran-ara dé, wọ́n fa àsíá èbúté sílẹ̀, wọ́n fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fìlà tí wọ́n ya rọ́kẹ́ẹ̀tì sí lára, wọ́n ní ẹ ṣeun. Rọ́kẹ́ẹ̀tì dúró síbẹ̀ bí ìyàwó tí ọkọ ò wá gbé. Ó pẹ́ kó tó ṣubú. Òkun jẹ èbúté, ó jẹ títì, ó jẹ ilé ìwé, gbogbo wa sá gun orí òpó. Aṣọ ńlá tí àwọn ọkọ̀ àbọ̀ fi ń rọra balẹ̀, a gé e, a fi rán àpò ẹ̀fọn. Inú ikùn rọ́kẹ́ẹ̀tì funfun yẹn ni àwọn obìnrin Ẹnu-Omi ti ń yan ẹja báyìí, torí pé irin rẹ̀ ń mú ooru dúró.

Agolo ò kúrò lọ́wọ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ojú ọ̀run bá mọ́, Ilé Òkè á kọjá lókè wa bí ìràwọ̀ tó ń kánjú, mo sì mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí agolo bá wà lọ́wọ́ mi, wọn ò lè fọwọ́ kàn án. Agolo yẹn ni mo fi so ó mọ́ òkè.

Ẹni tí wọ́n rán dé ní ọjọ́ kejì tí ẹ̀rọ kúrò. Fèrè ti dún pé ooru ti rọlẹ̀, èmi àti Àsàbí jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń ṣa egungun kúrò lára ẹja. Àsàbí ni ọ̀rẹ́ mi, òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn agòkè láyé ọjọ́un. Ọkọ̀ kan yà wá sábẹ́ ilé, ọkùnrin kan gòkè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó.

"Yèyé mi, ẹ kúrọ̀lẹ́. Ìyá Àsàbí, ẹ kúrọ̀lẹ́ mà."

Bámitálẹ́ ni. Ọmọ ọmọ mi tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́, tó ti di bàbá ọlọ́mọ lókè ilẹ̀ níbi tí omi ò dé báyìí. Mo mọ̀ pé Ọ́fíìsì Òkè ló ń bá ṣiṣẹ́. Mo wò ó, mo wo káàdì tó so mọ́ ọrùn.

"Ìwọ ni èèyàn tí wọ́n ní àwọn ń rán bọ̀?"

"Èmi ni, Yèyé."

"Wọ́n gbọ́n o," ni Àsàbí wí. "Wọ́n rí i pé irin ò ràn án, wọ́n wá rán ẹni tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n. Dìde nílẹ̀, jàre. Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín?"

"Ó ti ń rẹ́rìn-ín, mà."

"Ẹja wà níbí. Jẹun kí o tó jà."

Kò jẹun. Ó jókòó síwájú mi, ó ká ẹsẹ̀ bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọdé.

"Ìwọ náà wá sọ pé kí n sin ín," mo ní.

"Rárá, Yèyé. Èmi ni mo fẹ́ sin wọ́n."

Ọwọ́ Àsàbí dúró lára ẹja.

"Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé òbí kì í sin ọmọ," ó wí. "Òótọ́ ni. Ọ́fíìsì ò mọ̀ ọ́n, ẹnu ọ̀nà tí kò yẹ ni wọ́n ń kàn láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ta ló wá ń sin òkú, Yèyé? Ọmọ ni. Ṣé màámi ò bímọ ni?"

Àsàbí ló sọ̀rọ̀, ó sì rọra fi orúkọ pè mí.

"Ọmọ ò láyọ̀lé, Àwẹ̀ró. Ẹni ọmọ sin ló bímọ."

"Mi ò bi ọ́," mo ní.

"O ò bi mí. Mo ṣáà ti sọ ọ́."

Bámitálẹ́ ní, "Nígbà tí a fẹ́ sọ ọmọ mi lórúkọ, àwọn àgbà ilé ìyàwó mi bi mí bóyá ìyá mi wà láyé. Mo ní wọn ò sí. Wọ́n ní ibo la sin wọ́n sí. Mo nawọ́ sókè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣe àwàdà ni. Ìyàwó mi fẹ́ kí á pe ọmọ ní Yétúndé. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní ìyá tí wọn ò tíì sin kò tíì lọ, báwo ló ṣe fẹ́ padà wá? Yèyé, mi ò lè pe ara mi ní ẹni tó ní ìyá, mi ò sì lè pe ara mi ní aláìníyàá. Ẹ̀yin ní ọmọ lókè. Èmi ò ní nǹkan kan níbì kankan."

"Bí mo bá gbé agolo fún ọ, wọ́n á dáná sun ún."

"Á jóná bí ẹ gbé e fún mi, á jóná bí ẹ ò gbé e fún mi. Ilé náà ti gbó. Kò lè dúró dè yín mọ́. Bó bá já fúnra rẹ̀, tó já lu ilé ọmọ ẹlòmíràn, ẹni tó bá kú níbẹ̀, ṣé kì í ṣe orúkọ màámi ni wọ́n á máa dá?"

Inú bí mi. Kí n má parọ́, inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ìwọ tí o ò mọ ojú rẹ̀, ìwọ lo ń sọ bí wọ́n á ṣe sun ún fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò mọ ojú wọn," ó wí. Kò gbé ohùn sókè. "Àwòrán ni mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n. Bí mo bá ní kí ẹ sọ nípa wọn fún mi, ẹ máa ń wo òkè ni."

Mo fẹ́ wo òkè nígbà náà gan-an. Mo fi agídí wo ilẹ̀.

"Kí lo fẹ́ gbọ́?"

"Ohunkóhun."

Mo ronú. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. "Ó máa ń bẹ̀rù omi," mo ní.

"Màámi?"

Àsàbí bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò jẹ́ kí wọ́n tu ọkọ̀ ju ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kanlẹ̀ lọ. Ọmọ Ẹnu-Omi tí kò lè lúwẹ̀ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń pè é ní adìẹ."

"Bó bá fẹ́ bu omi wẹ̀, ó máa di ara garawa mú," mo ní. "Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fẹ́ di agòkè. Ó ní ibẹ̀ ló jìnnà sí òkun jù lọ. Gbogbo èèyàn rò pé ó ń dápàárá. Èmi mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ." Ìgbà tí mo sọ ìyẹn tán ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ sọ fún mi lọ́sàn-án àná wá yé mi. "Inú òkun lẹ fẹ́ jù ú sí, Bámitálẹ́. Gbogbo ibi tó wà láyé. Inú òkun."

Ó sún mọ́ mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ mi tí òórùn ẹja wà lára rẹ̀.

"Kò ní kan omi, Yèyé. Ẹ gbọ́ mi. Yàrá tútù yẹn, òun ló máa kọ́kọ́ jó, lókè réré. Àwọn irin tó nípọn nìkan ló máa dé òkun. Màámi á ti di ìmọ́lẹ̀ tán kí èyíkéyìí nínú wọn tó kan omi."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Iṣẹ́ mi ni. Èmi sì ni mo máa sọ ọ̀rọ̀ tó máa mú ilé náà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ lè sọ ọ́. Mo ní mo mọ̀ pé ẹ̀rọ lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò lè bá mi da yẹ̀pẹ̀ sí ìyá mi. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà."

"Kò ní kan omi."

"Kò ní kàn án, Yèyé."

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iná sí mi létí, iná ni mò ń bẹ̀rù. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan á wà tí màá fi iná ṣe ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Mo wọlé. Agolo náà wà níbi tó máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi. Mi ò ṣí i. Mo mọ bí irun náà ṣe rí, ó dúdú, ó ká kókó, irun ọ̀dọ́. Bó bá wà láyé ni, á ti funfun. Mo gbé e jáde, Bámitálẹ́ kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ṣe mí bíi pé kí n fà á padà. Ọwọ́ mi dì í mú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ tirẹ̀ ti kàn án. Àsàbí yíjú sí ibòmíràn. Nígbà tó yá, mo jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ibi tí o bá sin ín sí, má sọ fún mi," mo ní. "Mi ò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí mo bá tiẹ̀ bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ iwájú, tí ọjọ́ ogbó dà mí lórí rú, tí mo ń sunkún, má sọ ọ́."

"Mi ò ní sọ ọ́, Yèyé."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sin irun náà, Àsàbí mú mi lọ sílé rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀, mo gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin. Ọkọ̀ wọn kọjá lábẹ́ ilé, ó lọ, mi ò jẹ́ kí etí mi bá a lọ láti mọ ọ̀nà tó yà sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ gbogbo agòkè tí mo lè rántí jáde lẹ́nu, kí n má baà gbọ́ nǹkan kan. Àsàbí ń bá mi kà á. Ó rántí ohun tí kálukú wọn fẹ́ràn láti jẹ. Ó ní èyí kò fẹnu kan ata, èyí máa ń jí ẹran nínú ìkòkò. Ó ní Ìyùnadé máa ń ní kí òun bá a fi èékánná ha ìsàlẹ̀ ìkòkò ìrẹsì, èyí tó jóná gan-an.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní Ilé Òkè máa kọjá lókè wa kí ó tó dé ibú. Àwọn èwe ìsinsìnyí ò rí iná kankan rí lójú ọ̀run tí èèyàn wà nínú rẹ̀, ara ń yá wọn. Èmi ṣì wà nílé Àsàbí, mo tilẹ̀kùn mọ́ra, mo kọjú sí ògiri.

"Jáde, lọ wò ó," mo sọ fún Àsàbí. "Ìwọ kọ́ lo bí i."

"Èmi náà bọ́ ọ lóúnjẹ," ó wí. "Mi ò lọ síbì kankan." Ó jókòó tì mí, òun náà kọjú sí ògiri, arúgbó méjì bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà ń fìyà jẹ.

Ariwo ìta dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Pákó ilé Àsàbí ti sán, àlàfo wà láàárín wọn. Mo rí i tí ìmọ́lẹ̀ gba àwọn àlàfo náà wọlé, ó fa ìlà sára ògiri níwájú mi, àwọn ìlà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, láti ọ̀tún lọ sí òsì, wọ́n ń rọra lọ. Mo di ojú mi. Mo di ojú náà débi tó fi ń dùn mí. Ọmọ kan ké níta. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tí mi ò mọ ohùn rẹ̀ ní, "Ó ti lọ," bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Bámitálẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà tán, ó dé pẹ̀lú iyanrìn lára ṣòkòtò. Àwọn èèyàn ń wọ́ tẹ̀lé e, wọ́n ń kí i, ẹ kú ìsìnkú ìyá, ọjọ́ á jìnnà síra, ọmọ tìrẹ náà á sin ọ́. Ó ń dá wọn lóhùn. Ó ń sọ "ìyá mi" báyìí, "ìyá mi" báyìí, bí ẹni wọ aṣọ tuntun tó ń wò ó lára. Inú mi dùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn sí i, inú kan náà tó ń gbóná bí iná. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnu wọn wọlẹ̀. Òkú kan náà ni, ṣùgbọ́n kí ni èèyàn ń kí ìyá tó ṣòfò ọmọ? Wọ́n ní Ọlọ́run má jẹ́ a rí irú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì jókòó.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà náà wá. Ó dúró nísàlẹ̀ àkàsọ̀, kò gòkè, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Kí lo dúró ṣe síbẹ̀ yẹn?" ni Àsàbí bi í.

"Mo ti wá gbogbo ohun tí mo mọ̀," ó wí. "Mi ò rí ohun tí a ń kí abiyamọ."

"A kì í kí i. A máa ń jókòó tì í ni."

Ó gòkè, kò, kò, kò. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láàárín àwọn obìnrin, kò sì sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bámitálẹ́ ti padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kò sọ ibi tó sin ín sí fún mi, mi ò bi í. Ilẹ̀ gbígbẹ tó kù ní Ẹnu-Omi kò pọ̀: ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́ àwọn igi àgbọn, àti pẹpẹ kọnkéré gíga tí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń dúró sí, tí omi ò tíì bò. Ó lè jẹ́ ibí, ó lè jẹ́ ọ̀hún. Bí ọkọ̀ bá gbé mi dé ilẹ̀ gbígbẹ báyìí, mo máa ń bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Gbogbo ilẹ̀ ni mo ń rọra tẹ̀.